Awakọ̀ Tó Ń Rí Òṣùmàrè Yí Iná Ká

Orí tíì la ti pàdé. Nínú ẹgbẹ́ wa lórí fóònù, níbi tí oníkálukú ti ń béèrè ohun kéékèèké tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Awakọ̀ Àárọ̀ kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin ará, wàrà lẹ máa ń kọ́kọ́ dà sínú ife ni, àbí tíì?"

Mo dáhùn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ da wàrà, ó yẹ kí wọ́n gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Olófìn-íntótó ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, torí mi ò lè gbọ́ nǹkan kí n má tọ pinpin rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi jà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kọ̀wé sí èmi nìkan: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká parí ìjà yìí lójúkojú kí wọ́n tó lé àwa méjèèjì."

Ó wá bá mi lọ́sàn-án Sátidé ní ṣọ́ọ̀bù awò ojú tí mo ti ń yẹ ojú wò fáwọn èèyàn. Bó ṣe ń wọlé, èjìká rẹ̀ gbá férémù ilẹ̀kùn gbì.

"Ilẹ̀kùn yín ò fẹ́ràn mi," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìfẹ́ rẹ̀ kó sí mi lórí. Bọ́ọ̀sì ńlá ló ń wà. Òun ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ kan lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kí ọdún tó yípo, ó ti ń pè mí ní ìyàwó mi, àwọn ará ẹgbẹ́ sì ti ń bi wá léèrè ọjọ́ ìgbéyàwó.

Àfi ìgbà tó di ọjọ́ kan, ó tún béèrè nínú ẹgbẹ́ pé: "Ṣé ẹ̀yin náà máa ń rí òṣùmàrè yí iná ọkọ̀ ká láàárọ̀ kùtù?"

Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan ní kó dín wàrà kù. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Níbi iṣẹ́ mi, àmì àrùn ojú ni irú òṣùmàrè bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ìbéèrè tó ti béèrè sẹ́yìn. "Ta ló máa ń sún ife mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè gbá a dà nù?" "Kí ló dé táwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn fi máa ń yọ lójijì, bí ẹni já bọ́ látòkè?" Gbogbo wa la ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ojú, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà kí n yẹ òun wò. Ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ tó dà bí abọ́ funfun ńlá. Iná tíntìntín á máa tàn káàkiri inú rẹ̀, kó tẹ bọ́tìnì nígbàkúùgbà tó bá rí ọ̀kan. Iná ń tàn, mo ń wò ó. Yàtọ̀ sí àwọn tó tàn láàárín gangan, kò tẹ nǹkan kan. Ó kàn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń retí kí a bẹ̀rẹ̀.

Ìwé tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde dúdú yíká. Àárín tó ti ríran nìkan ló funfun, ó kéré bí ihò kọ́kọ́rọ́.

"Mélòó ni mi ò rí, olólùfẹ́ mi?"

Mo ní: "Ta ló ń wa bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ajé?"

"Èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ojú bàbá mi fọ́ kó tó pé àádọ́ta ọdún. Màámi ò fẹ́ ká dárúkọ ẹ̀ nínú ilé. Jẹ́ kí oṣù yìí parí, màá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀."

Mo lọ bá màmá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ ọ̀rọ̀ ojú ọmọ wọn fún wọn. Wọn ò ní kí n dìde.

"Eruku ló ba ojú bàbá ẹ̀ jẹ́," ni wọ́n wí. "Kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ mi. Ìwọ ọmọ yìí, bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti ẹnu rẹ jáde síta, gbàgbé pé o mọ̀ wá."

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù mi dún. Òun ló kọ̀wé: "Díẹ̀ ló kù kí n gbá obìnrin kan. Mi ò rí i rárá. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo bẹ̀ ẹ́."

Mo wo ọ̀rọ̀ náà títí. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọ̀gá rẹ̀.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó bi mí pé: "Ìwọ ni?" Mo ní: "Èmi ni." Ó jáde nínú ẹgbẹ́, oṣù mẹ́rin sì kọjá láìsí hóró ọ̀rọ̀ kan láàárín wa. Mo ń sunkún lẹ́yìn káńtà, mo ń nu ojú, mo ń pe oníbàárà tó kàn.

Ọ̀sán kan, màmá rẹ̀ wọlé wá. Wọ́n jókòó sórí àga tí mo ti ń yẹ ojú wò, wọ́n gbá báàgì wọn mọ́ àyà.

"Ọ̀gá ẹ̀ ló fi dandan lé e kó lọ sọ́sípítù. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ, àmọ́ oògùn lè dáàbò bo ìyókù." Wọ́n ń fọwọ́ ra báàgì náà. "Awakọ̀ ni bàbá ẹ̀ náà. Ó gbá ọkùnrin kan pa lójú títì. Kó tó di ọjọ́ yẹn, mo ti mọ̀ pé kò ríran dáadáa mọ́. Mo mọ̀, mo sì panu mọ́, ọmọ mi."

Mo di ọwọ́ wọn mú. Ó tutù.

"Ó wà níta," ni wọ́n wí. "Ojú ń tì í."

Mo jáde. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti rù.

"Dúró síwájú mi gangan," ló wí. Mo sún díẹ̀, mo tún sún, títí ojú rẹ̀ fi bá mi. "Mo bínú sí ẹ, ìyàwó mi. Mo bínú gan-an. Àmọ́ obìnrin tí mo fẹ́ẹ̀ gbá yẹn, oyún wà nínú ẹ̀. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹ."

Oṣù tó tẹ̀ lé e la ṣe ìgbéyàwó. Òun ló ní ká yá a, kí òun lè rí mi dáadáa nígbà tójú òun ṣì ń ríran. Màmá rẹ̀ ń rìn lápá òsì rẹ̀, níbi tó ti ṣókùnkùn jù, èmi wà lápá ọ̀tún. A dé ẹnu ọ̀nà ibi ìgbéyàwó, ó dúró, kò mọ ohun tó kàn.

"Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni, olólùfẹ́ mi," ni mo wí.

Ó gbé ẹsẹ̀.