Ọdún Tí Ìlú Ọba Bínú sí Àwọn Sọ́jà

Ní ọdún 1993, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ọjọ́ kan wà ní Ìjerò tí ọkàn ẹnikẹ́ni kò balẹ̀. Ìjọba ológun ti fagi lé ìbò tí gbogbo ìlú dì, orílẹ̀-èdè sì ti pín sí méjì. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé ìjọba fún ẹni tó wọlé, àwọn kan ní kí sọ́jà jókòó ti ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rògbòdìyàn gba Èkó kan, mọ́tò Ìbàdàn kò sì dé déédéé mọ́. Gbogbo ènìyàn wá ń dúró de ohun tí Ìlú Ọba, ọ̀rẹ́ wa àtijọ́, máa sọ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà Philip ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ṣòkòtò funfun gbòò ló sì máa ń wọ̀ láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Láti ọ̀sán ni yóò ti sá bátìrì rédíò sóòrùn. Tí aago márùn-ún bá lù, àwọn ènìyàn á pé jọ, òun á sì máa túmọ̀ ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù fún wọn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Kì í fo nǹkan kan, kì í sì í bù kún un. Ó máa ń fi ìyẹn yangàn, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Lọ́jọ́ náà, Alhaji Àmúsà tó ń ra kòkó kò lè jókòó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Tíṣà, kí l'Òyìnbó wí? Ṣé an ti bá wọn wí?"

"Ẹ ní sùúrù, Alhaji. Wọn ò tíì kan tiwa."

Fadékẹ́mi, ọmọ Tíṣà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé Glory ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Glory, ọkàn rẹ̀ sì ní ihò. Tó bá rìn dé ìdí ìbẹ́pẹ lásán, ètè rẹ̀ á ti dúdú. Ọsibítù kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ nínú oṣù Kẹsàn-án. Físà nìkan ló kù. Sọ́jà ni Michael, bàbá ọmọ náà, ará Erijiyan. Làìbéríà ló wà, níbi tí wọ́n rán òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti la àwọn onílé níjà, nígbà tí ilé tiwọn ń gbóná.

Rédíò ń sọ, Tíṣà ń túmọ̀.

"Wọ́n ní inú àwọn kò dùn sí ìbò tí wọ́n fagi lé." Ariwo sọ. "Wọ́n ní àwọn kò ní kọ́ sọ́jà wa níṣẹ́ ogun mọ́." Ariwo tún sọ. Lẹ́yìn náà ni Tíṣà dákẹ́.

"Ẹ túmọ̀ ẹ̀, Tíṣà!"

Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó túmọ̀ ẹ̀. "Wọ́n ní sọ́jà àti ẹbí wọn kò ní rí físà gbà mọ́."

Alhaji Àmúsà fò sókè, fìlà rẹ̀ já bọ́. "Ó tán! Ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n!" Kò rántí ẹni tí Fadékẹ́mi fẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó ń jó lọ́dẹ̀dẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó rántí. Mi ò lè bá wọn wí, nítorí ìyà ti jẹ wọ́n pẹ́. Fadékẹ́mi gbé ọmọ rẹ̀ wọlé.

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni Tíṣà fi ń rìn yí ilé ká. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó pe ọmọ rẹ̀.

"Lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Sọ pé o kò fẹ́ ọkọ rẹ mọ́. A ó dá owó orí padà. Tí ìwé kóòtù bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, o kì í ṣe ẹbí sọ́jà mọ́."

"Bàbá, Michael ńkọ́?"

"Orí ìwé lásán ni. Tó bá dé, a ó ṣàlàyé fún un. Wọ́n máa ń tú lẹ́tà sọ́jà wò, má kọ ọ́ sí i. Má sọ fún ìyá rẹ̀ pàápàá."

"Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ka owó orí sí nílé wọn?"

"Mo mọ bí ihò ọkàn ṣe rí."

Ní ìdílé Michael, owó orí tó bá ti padà sílé kì í tún jáde nítorí obìnrin kan náà. Tíṣà gbọ́ èyí rí, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ẹlòmíràn níwèé rò pé kò sí àṣà tí àlàyé tó yè kooro kò lè tún ṣe. Ibẹ̀ ló ti ṣìnà.

Ní kóòtù, ìyá Michael wá nínú aṣọ òfì tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

"Kí lọmọ mi ṣe ọ, Fadékẹ́mi? Ó ń bẹ lógun, ọ sì ń kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lulé?"

"Mi ò fẹ́ ẹ mọ́, ìyá." Ilẹ̀ ló ń wò tó fi sọ ọ́. Ìyá náà gba owó orí, ó ń sunkún, ó bá ọ̀nà Erijiyan lọ.

Ní ọ́fíìsì físà Ìlú Ọba ní Èkó, ẹni tó jókòó sẹ́yìn wíńdò bi Fadékẹ́mi bóyá sọ́jà ni ọkọ rẹ̀.

"Mi ò lọ́kọ," ni ó wí.

Físà jáde. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere, Glory sì padà wá ń sáré lẹ́yìn adìyẹ. Inú Tíṣà dùn débi pé ó sunkún nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní Oṣù Kọkànlá, sọ́jà mìíràn tún gba ìjọba. Ní Oṣù Kejìlá ni Michael dé. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà sí, gẹ́gẹ́ bí ọmọ gidi. Nígbà tí Tíṣà fi máa débẹ̀ pẹ̀lú àgbà méjì, wọ́n ti sọ fún un. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé náà lórí ìdúró, nínú kakí.

"Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ gba ẹ̀mí ọmọ mi là. Mo dúpẹ́ gan-an ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta ni Fadékẹ́mi kọ sí mi lẹ́yìn kóòtù yẹn, ó ń pè mí ní olówó orí òun. Èwo ni kí n gbà gbọ́?" Ó mí kanlẹ̀. "Owó ti wọlé, bàbá. Ojú gbogbo ẹbí ló ṣe."

Ó ń wá wo Glory lọ́dọọdún. Kò jókòó rí.

Nígbà tí ìjọba padà sọ́wọ́ alágbádá ní ọdún 1999, Ìlú Ọba tún di ọ̀rẹ́ wa. Wọ́n tún ń gba sọ́jà wa lọ kọ́ṣẹ́ ogun. Alhaji Àmúsà sáré wá sílé Tíṣà láti ròyìn.

"Ìjà ti parí! Michael pàápàá wà nínú àwọn tí wọ́n yàn láti lọ, òun àti Ayọ̀bọ́lá ìyàwó rẹ̀. Físà àwọn méjèèjì ti jáde!"

Fadékẹ́mi ń di irun Glory. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

"Ìjọba ló jà, Alhaji, wọ́n sì ti parí tiwọn," ni ó wí. "Èmi àti Michael ò bá ara wa jà rí."