Àmì Làálì Lára Hóró Oògùn

Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ Tísà Barnabas nígbà tí Evelyn ìyàwó rẹ̀ bá a lórí àga. Ògì tó wà níwájú rẹ̀ kò tíì tutù. Evelyn pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbọ̀n ọ́n léjìká, kò dáhùn. Kí àwọn ará àdúgbò tó rí mọ́tò gbé e dé ọsibítù, ó ti kú.

"Oògùn wo ló ń lò?" Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ló béèrè. "Ó jọ ẹni tó mu oògùn ju bó ṣe yẹ lọ."

"Kò lo oògùn òyìnbó kankan láti oṣù méjì, sà. Àgúnmu nìkan ni, nítorí àyà tó ń dùn ún."

Ní ọjọ́ kejì, Khàdíjàt wá kí opó náà. Iṣẹ́ làálì ló ń ṣe. Kò sí ìyàwó kan ládùúgbò náà tí kì í ṣe òun ló lé làálì sí i lọ́wọ́. Evelyn kò tíì sunkún. Ó kàn ń gbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn. Nígbà tó yá, ó tú náílọ́ọ̀nù àgúnmu ọkọ rẹ̀ sórí tíréè.

"Wò ó, Khàdíjàt. Ewé ni èyí, àbí kí ni?"

Khàdíjàt fi ìka tú ìyẹ̀fun náà wò. Ìdajì hóró oògùn funfun kan yọ jáde, ó ní àmì pupa kékeré kan lẹ́yìn. Khàdíjàt mú un, ó yí i wò. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló tọ́ àmì yẹn.

Alhaja Asiata, ìyá rẹ̀, kò mọ̀wé. Láti ìgbà tí àyà ti ń fún un bí ó bá gun òkè díẹ̀, ọsibítù fún un ní oògùn àárọ̀ àti ti alẹ́, hóró méjèèjì sì jọra wọn. Khàdíjàt ló wá ọgbọ́n dá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó máa ń fi igi tọ́ làálì sí ara ti àárọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó kó wọn sínú agolo. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ọ̀fà. Kí wá ni oògùn ìyá rẹ̀ ń wá nínú àgúnmu Tísà?

"Mummy, ta ló ta eléyìí fún yín?"

"Dókítà Gbádé, tó wà nítòsí ibùdó rélùwéè. Ìyá ẹ ló mú Tísà lọ bá a."

Khàdíjàt sáré délé. Alhaja kọ́kọ́ sẹ́, nígbà tó yá ó jẹ́wọ́. Oṣù mẹ́ta rèé tó ti ń kó gbogbo oògùn inú agolo fún Gbádé. Ọkùnrin náà ní oògùn òyìnbó àti àgúnmu òun kì í gbé inú kan náà, òun yóò bá wọn rì í mọ́lẹ̀. Bí ọmọ ṣe ń tọ́ làálì sí i ni ìyá ń kó o fún olè.

"Kí ló dé tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n là mí láyà."

"Ta ló ní wọ́n máa là yín? Ojú mi ni dókítà ọsibítù ṣe sọ̀rọ̀. Ó ní kí ẹ máa lo oògùn, kí ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀, kí ẹ dín iyọ̀ àti ọ̀rá kù. Kò dárúkọ abẹ rárá!"

"Gbádé ní bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Alhaja fọwọ́ pa àyà rẹ̀. "Khàdí, àgúnmu yẹn ń ṣiṣẹ́ lára mi. Àyàfi kí Dókítà Gbádé fúnra rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé irọ́ ni, mi ò ní padà sídìí oògùn ọsibítù."

Obìnrin olórí kunkun ni, ọmọ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Bí wọn kò bá tètè mú ọkùnrin náà kó jẹ́wọ́, òkú kejì yóò jáde ládùúgbò.

Ní tésàn ọlọ́pàá, Inspẹ́kítọ̀ Dúrótìmí yí ìdajì hóró tí Khàdíjàt mú wá síwá-sẹ́yìn.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ti ìyá ẹ ni?"

"Ọwọ́ mi ni mo fi tọ́ ọ, sà." Ó gbé agolo oògùn ọ̀sẹ̀ tuntun kalẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ fi wọ́n wéra, ó bá dìde.

Evelyn bá wọn wọ mọ́tò, nítorí òun ló mọ ojú ọkùnrin náà. Ṣọ́ọ̀bù ibùdó rélùwéè ti wà ní títì, wọ́n ti yọ pátákó rẹ̀. Ìròyìn ikú Tísà ti dé etí Gbádé. Wọ́n wá a dé Ìjagbó, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀fà. Àwọn ọlọ́kadà ní ó ti kọjá, ó gbé ike kọ́sítáàdì ńlá kan sáàárín itan. Wọ́n kọrí sí Òjòkú. Ọjọ́ ọjà ni. Láàárín àwọn oníṣu, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: "Kò sí abẹ! Kò sí ẹ̀jẹ̀! Àyà yín á balẹ̀!" Àwọn ọlọ́pàá rọra yí tábìlì náà ká. Ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n bá tó ń dá sọ̀rọ̀. Gbádé ti fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó máa tajà, òun fúnra rẹ̀ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Inspẹ́kítọ̀ fóònù àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n ṣọ́ ọ̀nà Ìlémọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ lé, kò sẹ́ni tó rí i. Inspẹ́kítọ̀ ní kí àwọn gbé Khàdíjàt sílé ná, Evelyn sì bá a wọlé.

Ike kọ́sítáàdì ni ó kọ́kọ́ rí ní pálọ̀.

Ẹ ò rí ọgbọ́n èké! Ta ni yóò wá olè lọ sílé ẹni tó jà lólè? Gbádé ti wá bá Alhaja pé àwọn ọ̀tá ń lépa òun, arúgbó náà sì ti fi í pamọ́ sí yàrá. Alhaja alára jókòó, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà.

"Kò sẹ́nì kankan níbí," ó wí, kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

Fèrèsé yàrá dún gbà! Gbádé fò síta, ó bọ́ sọ́wọ́ Inspẹ́kítọ̀ tó ti yípo sẹ́yìn ilé. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbé e ṣánlẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ wọ pálọ̀.

"Dókítà, ẹ sọ fún wọn," Alhaja ń mí gúlegúle. "Ẹ sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ yín."

"Irọ́ ni, Alhaja! Ewé àti egbò lásán ni. Èmi náà ń mu ún láràárọ̀."

Evelyn fa ike kọ́sítáàdì náà sọ́dọ̀. Ó ṣí ike náà. Hóró oògùn oríṣiríṣi ló kún ìdajì rẹ̀, funfun, pupa, olómi ọsàn, pẹ̀lú àwọn náílọ́ọ̀nù àgúnmu lórí. Ó bu ṣíbí kan nínú àgúnmu sínú kọ́ọ̀bù omi, ó pò ó, ó gbé e síwájú ọkùnrin náà.

"Bí ọkọ mi ṣe ń mu ún rèé. Mu ún."

Gbádé rẹ́rìn-ín. Ó gba kọ́ọ̀bù náà, ó gbé e dé ẹnu. Ó wo ìyẹ̀fun tó ń yí nínú omi, ó gbé e kúrò lẹ́nu.

"Mu ún!" Inspẹ́kítọ̀ jágbe.

"Mi ò lè mu ún."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ iye tó wà nínú rẹ̀."

 Gbádé wá tú gbogbo àṣírí rẹ̀ sílẹ̀. Oògùn tó bá gbà lọ́wọ́ ẹni òní ló ń lọ̀ mọ́ ewé fún ẹni ọ̀la: ti àyà, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti àtọ̀gbẹ, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kì í wọ̀n ọ́n. Ewé lásán kò lè mú àyà rọ̀, òun sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa padà wá. Kò kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn níbì kankan.

"Nígbà náà, oògùn ọsibítù ló ń ṣiṣẹ́ lára mi," Alhaja sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ojú rẹ̀ yí sí Evelyn. "Ìyàwó Tísà, ṣé oògùn tèmi ló pa ọkọ yín?"

Evelyn gbé ike náà sọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó kúnlẹ̀ ti arúgbó náà.

"Ọkùnrin yìí ló pa á, Alhaja. Ẹ dìde ká lọ sí ọsibítù." Níbẹ̀ ni ẹkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò sun láti àná.

Mọ́tò ọlọ́pàá kan náà ló gbé Alhaja lọ. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kò mú abẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbádé wà ní àhámọ́, ó ń dúró de ìdájọ́. Ènìyàn mọ́kànlá ló ti wá sọ pé àwọn kó oògùn fún un. Wọ́n ń dúpẹ́ pé ẹ̀mí àwọn ṣì wà.

Láràárọ̀ báyìí, Evelyn máa ń wá mú Alhaja jáde, àwọn méjèèjì á rọra rìn dé ìkóríta, wọn á sinmi, wọn á padà. Bí wọ́n bá dé, Alhaja á ṣí agolo rẹ̀, á mú hóró tó ní làálì, á tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, á sì wò ó pẹ́.

"Ọlọ́run tẹ́ Tísà sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín," Evelyn á wí, á sì gbé omi fún un.