Ẹsẹ̀ Búrókólì, Ti Alásè Ni

"Ta ló tún ṣí ìkòkò mi o?"

Bàbá kò tíì yíjú padà tó ti mọ ẹni tó ṣe é. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló dúró ti gáàsì, tó fi ọwọ́ kan di ọmọrí ìkòkò mú, tó fi ọwọ́ kejì di ṣíbí mú, ooru sì ti bo gbogbo ojú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti lè di etí tábìlì mú dìde ló ti máa ń ti ṣíbí bọ ohunkóhun tó bá wà lórí iná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ṣíbí. Orúkọ rẹ̀ gan-an, àwọn olùkọ́ nìkan ló ń pè é, àwọn náà sì ń gbàgbé.

"Mo kàn fẹ́ yọjú wò ó ni, Bàbá."

"Yọjú wo kí ni? Ṣé ó sọ fún ẹ pé òun fẹ́ sá lọ ni? Dé e padà jàre."

Búrókólì ló wà lórí iná, ẹ̀fọ́ tí orí rẹ̀ ṣù bí igi kékeré tó kún fún ewé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Bàbá. Níbi tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti máa ń yí padà, àgbẹ̀ kan wà tó ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé, ọ̀sẹ̀ kan kì í sì í kọjá kí Bàbá má gbé búrókólì bọ̀ wálé lábẹ́ àga rẹ̀. Ìyá Ṣíbí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé bí wọ́n bá di òun lójú wọ inú bọ́ọ̀sì náà, imú òun á sọ fún òun pé ọkọ òun ló ń wà á.

Ẹ gbọ́ ná, nínú ilé yẹn, ọ̀rọ̀ búrókólì máa ń dá ìjà sílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ òṣèlú lọ. Ti Bàbá ni pé kí òróró gbóná, kí òórùn aáyù àti atalẹ̀ kọ́kọ́ ta sánsán, kí búrókólì tó wọlé. Kí wọ́n dé e díẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì ń dún wómúwómú lẹ́nu. Ìyá ní irọ́ ni, inú ófùn ló yẹ kó wà: kí wọ́n fi òróró àti iyọ̀ pa á lára, kí wọ́n wọ́n ata gígún sí i, kí wọ́n yan án títí etí rẹ̀ á fi pọ́n rúsúrúsú. Màmá Àgbà, ìyá Bàbá, tí eyín rẹ̀ kò pé mọ́, kò fẹ́ gbọ́ wómúwómú kankan. Tirẹ̀ ni kó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì po ẹyin mọ́ ọn.

"Ìyá Ṣíbí fẹ́ dáná sun ún, Màmá fẹ́ rì í sómi," ni Bàbá máa ń wí. "Èmi nìkan ni mo fẹ́ràn rẹ̀ nínú ilé yìí."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́," ni Màmá Àgbà á fèsì. "Ta ló kọ́ ẹ ní sísè?"

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí, ìyẹn ni ẹsẹ̀. Igi nínípọn tó gbé orí búrókólì dúró ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nù. Wọ́n á bó èèpo líle ara rẹ̀ títí wọ́n á fi kan inú rẹ̀ tó funfun, tó sì dùn, wọ́n á gé e roboto-roboto, òun ni wọ́n á sì kọ́kọ́ dà sínú òróró nítorí pé òun ló máa ń pẹ́ jinná. Bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n bu oúnjẹ, ẹni tó sè é á mú ẹyọ kan, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á jẹ ẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan abọ́. "Ti alásè" ni wọ́n ń pe ẹyọ yẹn. Ṣíbí fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran lọ. Bí ó bá sáré gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Bàbá lọ́jọ́ míì, ẹ má rò pé àánú ló ń ṣe é o, ẹyọ yẹn ló ń wá.

Ní sáà yẹn, olùkọ́ ìdáná mú ìròyìn kan wọ kíláàsì. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà lórí òkè fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo sínú ilé ìdáná rẹ̀ nígbà ìsinmi. Ọ̀gá alásè òtẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ ni yóò wá tọ́ oúnjẹ wọn wò lọ́jọ́ ìdánwò. Kí kálukú se ẹ̀fọ́ tí wọ́n fẹ́ràn jù nílé wọn.

Inú Ṣíbí dùn débi pé kò mọ ìgbà tó dìde dúró. Ó pẹ́ tó ti máa ń wo àwọn alásè òtẹ́ẹ̀lì yẹn pẹ̀lú fìlà funfun wọn láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì Bàbá. Kò sí ohun tó tún wù ú láyé yìí ju kó dúró láàárín wọn lọ.

"Kí lo fẹ́ sè?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀, ọmọ tí wọ́n ń pè ní Dígí nítorí pé kì í kọjá níwájú fèrèsé kó má wo ara rẹ̀.

"Búrókólì, bí Bàbá mi ṣe ń sè é. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ wọlé…"

"Ẹsẹ̀ bíi ti kí ni? Igi ìdí rẹ̀? Háà, Ṣíbí! Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ló ń bọ̀ o, kì í ṣe ewúrẹ́!"

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀ nínú kíláàsì. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde eré, bí Ṣíbí bá ti ń kọjá, ohun tó ń gbọ́ ni "mẹ̀ẹ́ẹ̀! mẹ̀ẹ́ẹ̀!" Òun náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ inú eegun. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ojú oúnjẹ ilé wọn tì í.

Dígí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó jókòó tì í, ó sì yọ fóònù. "Wo fídíò yìí. Sódà tí wọ́n ń fi sínú kéèkì ni wọ́n bù sínú omi tí wọ́n fi sè é. Wo bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń dán! Gé igi yẹn dànù, to orí nìkan sínú abọ́. Kò sẹ́ni tó máa wo oúnjẹ ẹlòmíì mọ́."

Ó dán lóòótọ́. Ṣíbí wò ó títí, ó sì mi orí pé òun gbà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó gé gbogbo ẹsẹ̀ kúrò, ó kó wọn sínú ọ̀rá, ó sì ti ọ̀rá náà sábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń fi ẹrù olè pamọ́. Ó bu sódà sínú omi híhó. Ó wò ó, ó ní kò tó, ó tún bù sí i. Búrókólì náà mú àwọ̀ ewé tó jẹ́ pé ńṣe ló dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó tò ó sínú abọ́ funfun, àwọn ọmọ kíláàsì sì ń na ọrùn wò ó. "Yéè, Ṣíbí, o pa wá!" ni Dígí wí.

Ṣíbí mú ṣíbí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ́ ọn lára, ó sì wo inú ìkòkò fún ti alásè. Kò sí ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀. Ó bá gbé ṣíbí náà kalẹ̀, ó sì gbé abọ́ rẹ̀ síwájú.

Ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ọ̀gá alásè. Nígbà tó kan abọ́ Ṣíbí, ó dúró, ó wò ó, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi fọ́ọ̀kì kàn án. Orí búrókólì náà wó lulẹ̀ yẹ́gẹyẹ̀gẹ. Ọ̀gá bu díẹ̀ sẹ́nu, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì na ọwọ́ sí ife omi.

"Ṣé o tọ́ ọ wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ṣíbí. Ó wo Dígí, òrùlé ni Dígí ń wò.

"Rárá, sà."

"Tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò. Áà! Ó ń yọ̀ lẹ́nu, ó korò, ó sì ń run ọṣẹ. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń sè é nílé yín?"

Ìbéèrè yẹn ló dùn ún jù. Ó rí Bàbá lójú ọkàn rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ awakọ̀ tí kò tíì bọ́, tó ń gbá aáyù jọ lórí pákó. Kí ẹnìkan wá rò pé ọwọ́ Bàbá ló se irú nǹkan báyìí?

"Rárá o, sà! Tilé wa dùn. Èmi ni mo tijú, tí mo fi sè é báyìí."

Ẹnìkan ké "mẹ̀ẹ́ẹ̀" láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá alásè kàn yí orí sí apá ibẹ̀ ni, gbogbo wọn sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó tọ́ka sí abẹ́ tábìlì. "Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, sà."

"Kí lẹ ń fi í ṣe nílé?"

"À ń jẹ ẹ́ ni, sà. Òun ló tilẹ̀ dùn jù."

"Sè é kí n rí i. Màá ti máa tọ́ tàwọn yòókù wò."

Ṣíbí fa ọ̀rá náà jáde. Ó fọ ẹsẹ̀ náà, ó bó èèpo rẹ̀, ó gé e roboto-roboto. Nígbà tí òórùn aáyù ta sánsán nínú òróró, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó dé e, kò sì ṣí i. Nígbà tó tó àkókò, ó mú ẹyọ kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó jẹ ẹ́, ó wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó sì gbé e fún ọ̀gá.

Ọ̀gá alásè jẹ ẹyọ kan. Ó tún mú òmíràn. Ó tún na ọwọ́, olùkọ́ ìdáná sì yára mú tirẹ̀ kó tó tán. Dígí mú méjì pọ̀, ó sì ń jẹ wómúwómú bí ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ rí.

Síbẹ̀, ọmọkùnrin tó se kárọ́ọ̀tì ni wọ́n fún ní ààyè náà. "Abọ́ àkọ́kọ́ ni mò ń wò," ni ọ̀gá sọ fún Ṣíbí. "Ẹni tó wá jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì kì í dúró kí n tún òmíràn sè. Bó bá ṣì wù ẹ́ ní ìsinmi tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí, padà wá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ gbé fún mi."

Nígbà tí Ṣíbí rò ó fún wọn nílé ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Sódà! Ṣé aṣọ lo fẹ́ fọ̀ ni?"

"Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ jàre," ni Ìyá wí, ṣùgbọ́n òun náà ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ṣíbí kò rẹ́rìn-ín. "Ààyè náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, Ìyá. Ó dùn mí gan-an."

Màmá Àgbà tó jókòó sídìí fèrèsé ló wá bi í pé, "Nígbà tó o se ti àkọ́kọ́ yẹn tán, kí lo fi ṣe ti alásè?"

"Kò sí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀, Màmá. Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Èmi náà mọ̀! Ta ló sọ fún ẹ pé ẹ̀bùn ni ti alásè?" Ó fi ẹnu tọ́ka sí Bàbá. "Nígbà tí èyí wà lọ́mọdé, bó bá ti dáná, iyọ̀ ni ṣáá. Á dà á kún un, á gbé e síwájú wa, á sì bá eré lọ. Mo bá ṣòfin fún un pé alásè ni yóò máa kọ́kọ́ jẹ. Ẹsẹ̀ ló ń pẹ́ jinná jù, bí ẹsẹ̀ bá ti dára, orí ti dára nìyẹn. Bí kò bá sì dára, ẹnu alásè ni kí ìyà náà ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ni, ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀bùn."

Bàbá ń wo ìta bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rín pa Ṣíbí níkẹyìn, ó sì dìde lọ mú ọ̀bẹ.

Ó gbé búrókólì kaná fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó yan díẹ̀ sínú ófùn fún Ìyá, ó sì ya ti Màmá Àgbà sọ́tọ̀ kó lè rọ̀. Ó yíjú lọ mú abọ́ ni o, ló bá gbọ́ ìró ọmọrí.

"Ta ló ṣí ìkòkò mi o?"

"Mo kàn fẹ́ yọjú wò ó ni," ni Bàbá wí, ooru ti bo gbogbo ojú rẹ̀.

Ṣíbí gba ọmọrí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú ẹyọ ẹsẹ̀ kan, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo wọn sì ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ti wá yé e báyìí pé ẹ̀rín àwọn ẹlòmíì kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ sọ ohun dáadáa ilé rẹ̀ nù, àti pé ẹni tó fẹ́ fún ènìyàn lóúnjẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ mọ bó ṣe rí. Ó mi orí.

"Ó ti dára," ló wí. "Ẹ wá jẹun."