Tísà Janet Jíwèé Wò ní Wọ́ọ̀dù

Tísà Janet ará Ìpótì kì í gba gbẹ̀rẹ́. Fún ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jíwèé wò lójú rẹ̀ gbé! Ta ni ìbá gbà gbọ́ pé òun náà á jíwèé wò, àní lórí ìtọ̀!

Láti ìgbà tó ti bí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni ìtọ̀ ti máa ń jò sí i lára bó bá rẹ́rìn-ín, bó bá wúkọ́ tàbí bó bá sín. Obìnrin tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ wá di ẹni tó ń fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó sú u, ó gba ọsibítù lọ, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láti gbé ọrùn àpò ìtọ̀ rẹ̀ ró.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kúrò lára rẹ̀, Nọ́ọ̀sì Rùkáyàt gbé jọ́ọ̀gì fún un.

"Màmá, inú èyí ni kí ẹ tọ̀ sí. Tó bá jáde dáadáa, ẹ ó lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ ilé yìí ló ká Tísà lára. Bísí, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti bímọ, Sátidé sì ni ìsọmọlórúkọ. Àmọ́ ó jókòó títí, ìkán mélòó kan péré ló rí. Ló bá wọ̀tún wòsì, ó da omi inú kọ́ọ̀pù rẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì gba jọ́ọ̀gì, ó fọwọ́ kan ara jọ́ọ̀gì náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, láti ìgbà wo ni ìtọ̀ ti ń tutù bí omi àmù? Tísà, ẹ jíwèé wò!"

Ojú ti Tísà, ẹ̀rín náà sì ń pa á. "Ọmọ mi, má bínú. Ọmọ ọmọ mi àkọ́kọ́ ni. Mo fẹ́ lọ ulé. Àbí iṣẹ́ abẹ yìí ti bà mí jẹ́ ni?"

"Kò ba nǹkan kan jẹ́, Màmá. Wọ́n gbé ibi tó ń jò ró, ara ibẹ̀ sì ṣì wú. Ìtọ̀ lè máa lọ́ra fún ọjọ́ mélòó kan, ti ẹlòmíì a sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ tó bá ń kún sínú tí kò jáde tán, àpò ìtọ̀ á fẹ̀ jù, agbára rẹ̀ á dín kù, kòkòrò àrùn á sì ráyè wọlé. Ẹ jẹ́ ká dá rọ́bà padà."

"Ìsọmọlórúkọ ńkọ́?"

"Tí dókítà bá gbà, a ó so àpò tí rọ́bà náà ń da ìtọ̀ sí mọ́ itan yín lábẹ́ ìró. Ta ló máa mọ̀?"

Dókítà gbà. Ní Sátidé, wọ́n gbé ọmọ lé Tísà lẹ́sẹ̀ ní Ìpótì, ó sọ ọ́ ní Bánkọ́lé. Inú rẹ̀ dùn dé eyín, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ ìró.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà lọ yọ rọ́bà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kánjú, kò sì fipá tẹ ikùn. Ó jókòó dáadáa, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ìtọ̀ dé sínú jọ́ọ̀gì. Ó sinmi díẹ̀, ó tún gbìyànjú, ìyókù sì jáde.

"Rùkáyàt! Wá fọwọ́ kàn án! Ó gbóná!"

Rùkáyàt yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìtọ̀ ṣẹ́kù nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Èyí tó kù kò tó nǹkan. Ni gbogbo wọ́ọ̀dù bá bú sẹ́rìn-ín, Tísà náà sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Lójijì ó dákẹ́, ó rọra fọwọ́ kan ìró rẹ̀.

Ìró gbẹ. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ìtọ̀ tó ń jò nítorí ẹ̀rín tàbí ikọ́ kì í ṣe èpè, ó ní ìtọ́jú. Kí ẹ tó gba iṣẹ́ abẹ, ẹ bi dókítà bí ìtọ̀ yóò ṣe máa jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ń lọ́ra, tó ń kán, tàbí tí kò jáde rárá, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń le tàbí tí ara ń gbóná, ẹ tètè padà sí ọsibítù. Ẹ má torí ẹ̀ fi omi mímu sílẹ̀, ẹ má sì fi ohunkóhun pa mọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá tan nọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ ló tàn.