Ẹni Tó Jókòó sí Apá Òsì Hazel

Òótọ́ ni ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, kò sì sí ẹni tó mọ Hazel Dowse tí yóò pè é ní òpùrọ́. Òótọ́ rẹ̀ tó le koko yẹn gan-an ló dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí kò bá ní ẹlẹ́rìí, lójú Hazel, kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún un nínú ẹgbẹ́ awòyẹ ìlú wọn, àwọn tó ń jáde lọ wo ẹyẹ, ni pé kó máa yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wò. Ẹni tó bá ní òun rí ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n, iwájú Hazel àti àwọn méjì mìíràn ni yóò ti wá ṣàlàyé. Lọ́jọ́ kan, Clifford ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, wá sọ pé òun rí ọlọ́fun-aró ní àbàtà Skelmer. Ẹyẹ kékeré ni, kò ju ológoṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ a máa dán bí aṣọ aró tuntun. Kò sẹ́ni tó rí i ní Skelmer rí. Clifford nìkan ló sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn méjì yòókù fẹ́ gbà fún un. Hazel ní rárá.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ló wí. "Tí mo bá gba tiẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹlòmíì?"

Clifford kò jà. Ó gbé awò tó fi ń wo ẹyẹ kọ́rùn, ó jáde. Láti ìgbà náà kò bá ẹgbẹ́ lọ wo ẹyẹ mọ́. Kò wá jẹun Kérésì lọ́dọ̀ Hazel mọ́. Bí Hazel bá pè é, Delia ìyàwó rẹ̀ ní í gbé fóònù. Bí ẹyẹ tí kò kún ọwọ́ ṣe ya ọmọ ìyá méjì nípá nìyẹn.

Hazel kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé kò dun òun. Òun kò kúkú ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó rí i pé àre tí òun jẹ kò lè bá òun jókòó mu tíì. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án tún dé, tí àwọn ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ti àríwá kọjá lọ síbi tó móoru, ó pe Delia.

"Bá mi sọ fún un pé Skelmer là ń lọ ní Sátidé. Sọ pé mo ní kó wá. Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ bá a sọ."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni àbí ẹ̀bẹ̀?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni."

Delia mí kanlẹ̀. "Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Mo máa sọ fún un."

Ní àárọ̀ Sátidé náà, kùrukùru bo àbàtà. Ewéko ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Òtútù àkọ́kọ́ ti wà nínú afẹ́fẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ péjọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n ń wọ bàtà àbàtà, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì oníwàràkàṣì kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀. Hazel nìkan ni kò jẹ nǹkan. Ojú ọ̀nà ló ń wò. Norman Pask, àgbàlagbà tó ń darí wọn, rí i.

"Hazel, títì lò ń wò ṣáá. Ṣé bọ́ọ̀sì làwọn ẹyẹ ń wọ̀ báyìí ni?"

"Clifford ni mò ń retí."

Pask kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo kùrukùru, ó wo Hazel. "Lọ jókòó sínú ahéré ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Tó bá wá, ibẹ̀ náà ló máa kọ́kọ́ wá. Àwa ń lọ sí etí òkun. A máa padà wá bá ẹ."

Ahéré pákó tí àwọn awòyẹ ń sá pamọ́ sí ni, ó dojú kọ omi. Ìjókòó gígùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, láti ògiri dé ògiri. Níwájú ìjókòó ni àwọn fèrèsé tóóró wà, olúkúlùkù pẹ̀lú ìdérí tirẹ̀. Hazel ṣí ọ̀kan, èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ ní títì nítorí òtútù. Ó gbé awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀, ó di ojú kan, ó fi èkejì tì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa irú ahéré bẹ́ẹ̀. Ènìyàn kì í wojú ẹnìkejì níbẹ̀. Ẹ lè jókòó ti ara yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ẹ sọ̀rọ̀ ọmọ, kí ẹ sọ̀rọ̀ àìsàn, iwájú ni ojú gbogbo yín yóò wà. Bí ẹyẹ bá sì ti bọ́ sínú awò rẹ, o kò gbọdọ̀ gbójú kúrò, torí kí o tó yíjú padà, ó ti lọ. Bàbá wọn ló fi kọ́ Hazel àti Clifford láti kékeré. Wọn kò sì gbàgbé rẹ̀.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Kò sí afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kan kò dún, ẹyẹ kan kò ké. Hazel ń gbọ́ èémí ara rẹ̀.

Ó wá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí afárá pákó tó wá sí ahéré náà. Ẹni náà kò yára. Ẹsẹ̀ kan ń dún gbì. Èkejì kò dún tó bẹ́ẹ̀. Ó ń rọra tẹ̀lé e, bí ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà. Gbì. Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́. Gbì. Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́. Ìró náà dé ẹnu ọ̀nà. Òtútù wọlé. Pákó ìjókòó rọ̀ díẹ̀ ní apá òsì Hazel, ó sì dún.

"Ṣé nǹkan ti yọjú?"

Bí gbogbo awòyẹ ṣe ń kíra wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohùn náà, ibi tí Hazel bá ti gbọ́ ọ, yóò mọ̀ ọ́n. Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. Kò yíjú. Ìgbéraga díẹ̀ wà níbẹ̀, kí n má purọ́ fún yín. Ó fẹ́ kí ohùn òun kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ná.

"Kò tíì sí nǹkan," ó ní. Ó da tíì sínú ìdérí fúláàsì, ó sì fi ọwọ́ tì í sí apá òsì láìwò ó. "O mà pẹ́."

"Bàtà ni. Mi ò rí i wọ̀ tán."

"Ṣé Delia jíṣẹ́ mi?"

"Ó jíṣẹ́ ẹ. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu Hazel. Ó ti tò ó lálaalẹ́ lórí ibùsùn: Cliff, mo ṣẹ̀ ọ́, o kò purọ́ rí, èmi ni mo yẹ kí n gbà ọ́ gbọ́. Ó la ẹnu. Clifford ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Wo òpó àárín omi yẹn. Bọ́ sí ọ̀tún ẹ̀. Nídìí eèsún."

Hazel yí awò. Nídìí eèsún, lórí ẹrẹ̀, ẹyẹ kékeré kan jáde. Ó dúró. Ó gbé àyà sókè. Ọ̀fun rẹ̀ dán bí aṣọ aró.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i." Hazel di awò mú ṣinṣin. "Cliff, mo rí i."

"O ti di ẹlẹ́rìí mi nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Hazel, wò mí."

"Dúró ná. Tí mo bá gbójú kúrò, mo máa pàdánù ẹ̀."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ ìyá mi. Wò mí."

"Díẹ̀ báyìí, jọ̀ọ́. Mo fẹ́ rí ìrù ẹ̀. Wọ́n máa bi mí bí ìrù ẹ̀ ṣe rí."

Torí Clifford ni. Ohun tó ń ba Hazel nínú jẹ́ títí di òní nìyẹn. Kì í ṣe pé ó ka ẹyẹ sí ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni kò ní lè já ní koro, kó lè jáde lọ sọ fún ayé pé Clifford Dowse kò purọ́.

Òtútù ń ti apá òsì rẹ̀ wá, ó ń gun apá rẹ̀ bọ̀.

"Ó dáa," ni ohùn náà wí nígbà tó yá. "Máa wò ó."

Ẹyẹ náà na ìrù. Pupa rẹ̀ hàn kedere. Ó fò, ó wọ inú kùrukùru lọ.

Hazel yíjú, pẹ̀lú ẹ̀rín, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn wà ní títì. Kò gbọ́ kí ó dún. Tíì náà kún bí ó ṣe dà á, ṣùgbọ́n ó ti tutù bí omi àbàtà. Ìdérí fèrèsé tó wà níwájú ibi tí Clifford jókòó sí kò ṣí. Aláǹtakùn ti ta òwú bò ó láti ìgbà pípẹ́, ìrì sì wà lára òwú náà láìjá. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kò lè rí òpó kankan. Hazel wo ilẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ tútù méjì wà lórí pákó. Ọ̀kan jẹ́ ti bàtà. Èkejì ní ìka.

Ó sáré jáde, ó ń pe Clifford. Kùrukùru gbé ohùn rẹ̀ mì. Lórí afárá, ó pàdé Pask àti àwọn yòókù tí wọ́n ń bọ̀.

"Ṣé ẹ rí Clifford? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde."

Wọ́n wo ara wọn. "A ò pàdé ẹnì kankan," Pask wí. "Hazel, ọ̀nà mìíì ò sì sí."

Fóònù kì í ṣiṣẹ́ nínú àbàtà náà. Ìgbà tí wọ́n dé ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ti Hazel bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò rẹ̀, ìpè lórí ìpè, Delia ni gbogbo wọn. Ó pè é padà.

"Níbo lo wà?" Ohùn Delia ti há. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè ẹ́. Clifford ti lọ, Hazel. Ó ń múra láti wá bá ẹ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wọ bàtà. Mo wà nínú ilé ìdáná, mo gbọ́ tó ṣubú. Kí àwọn ará ọsibítù tó dé, ẹ̀mí ti bọ́."

"Ìgbà wo?"

"Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa."

Hazel di ọkọ̀ mú. "Delia, bàtà ẹ̀. Ṣé ó wọ̀ ọ́ tán?"

"Kí lò ń bi mí ní irú ìyẹn fún?" Delia bú sẹ́kún. "Ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ìkejì wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Hazel dúró títí ẹkún Delia fi rọlẹ̀.

"Ṣé o sọ fún un pé ẹ̀bẹ̀ ni?"

"Mo sọ fún un. Inú ẹ̀ dùn. Ó ní kí n má bá ẹ bẹ òun, ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Hazel sọ gbogbo rẹ̀ fún Pask. Pask fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tó parí, ó fọwọ́ lé e léjìká.

"Bóyá oorun ló gbé ẹ lọ. Ta ló bá ẹ rí i?"

"Kò sí. Èmi nìkan ni."

Ìgbà yẹn ló yé e bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára Clifford lọ́jọ́ tó gbé awò rẹ̀ kọ́rùn tó jáde. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ó sì fi iṣẹ́ ìyẹ̀wò náà sílẹ̀ fún wọn.

Ọdún yípo, oṣù Kẹsàn-án tún dé. Ẹgbẹ́ tún lọ sí Skelmer. Gbogbo wọn há sínú ahéré ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ààyè kan sílẹ̀ ní apá òsì Hazel láìsí ẹni tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Hazel kò gbé awò dání. Ó gbójú kúrò lára fèrèsé, ó dojú kọ ààyè náà.

"Hazel," Pask rọra pè é. "Ọlọ́fun-aró ni. Nídìí eèsún. Gbogbo wa la ti rí i. Yíjú padà, tètè."

Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, awò ń kan pákó. Ẹlẹ́rìí ti pọ̀ báyìí.

"Ẹ máa wò ó," Hazel wí.

Lórí afárá níta, nǹkan kan dún gbì. Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ. Ẹyẹ ni wọ́n ń wò. Òtútù wọlé. Pákó ìjókòó rọ̀ díẹ̀ níwájú Hazel, ó sì dún.

"Cliff, mo ṣẹ̀ ọ́," ó wí. "Mo ti ń wò ẹ́ báyìí."

Ó ń wo ibẹ̀ tààrà, kò ṣẹ́jú. Kò rí ẹnì kankan.