Ọjọ́ Ìdánwò Nimatou

"Pélagie, wọ́n ti yí ọjọ́ ìdánwò padà. Kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ mọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Tún un kọ sínú kàlẹ́ńdà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí o tó lọ sílé."

Mùsé Ambroise, ọ̀gá kọ́lẹ́jì, ló ń sọ̀rọ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 1973 ni. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba ní Oṣù Kẹwàá tó kọjá, ìpàdé àti ìwọ́de kì í jẹ́ kí ọjọ́ kankan dúró lójú kan ní Porto-Novo. Ìdí nìyẹn tí Mùsé fi fi kàlẹ́ńdà sábẹ́ àbójútó Pélagie, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọ̀kan wà ní bùró, ìyẹn yàrá iṣẹ́ ọ̀gá, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, ẹ̀kẹta ní yàrá ìkàwé tí kọ́lẹ́jì ní ládùúgbò Akron. Ohun tó bá wà nínú ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú méjì yòókù.

Ó tún ti bùró ṣe, ó tún ti ẹnu ọ̀nà ṣe, ó mú pẹ́ńsù rẹ̀, ó forí lé Akron.

Nimatou nìkan ló bá níbẹ̀. Adjarra ni Nimatou ti ń wá, láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ sì ti parí, yàrá yẹn nìkan ló ti ń kàwé. Àwọn méjèèjì ni kọ́lẹ́jì fà kalẹ̀ fún ìdánwò ìwọlé sílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹnì kan péré ni wọ́n máa mú. Láti kíláàsì àkọ́kọ́, kò tíì sí ìdánwò kan tí Pélagie ti borí Nimatou.

"Ṣé nǹkan ti yí padà ni?" Nimatou bi í, ó ń wo pẹ́ńsù ọwọ́ rẹ̀.

Pélagie wo Ọjọ́bọ̀ tó ti fi àmì sí nínú kàlẹ́ńdà ara ògiri lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Rárá o. Mo kàn ní kí n wá kí ọ ni."

"O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. Jókòó, kí n fi ìṣirò tó ń yọ ọ́ lẹ́nu yẹn hàn ọ́."

Pélagie jókòó. Nimatou sì kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pe orúkọ Nimatou, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìṣirò yẹn gan-an ló jáde. Pélagie ṣe é wẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Nimatou dé kọ́lẹ́jì pẹ̀lú aṣọ funfun tó ti lọ̀ dáadáa. Mùsé Ambroise jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo èèyàn.

"Ọ̀lẹ! Lẹ́yìn gbogbo wàhálà tí mo ṣe lórí rẹ!"

"Mùsé, Ọjọ́bọ̀ ló wà nínú kàlẹ́ńdà Akron."

Mùsé ní kí wọ́n lọ já a wá. Ó tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, ó ránṣẹ́ pe Pélagie.

"Mo gbàgbé ni, Mùsé," ni Pélagie wí.

"Kò gbàgbé," ni Nimatou wí. Kò pariwo. "Mo bi í. Ó ní kò sí ohun tó yí padà. Ó tún jókòó tì mí, mo kọ́ ọ ní ìṣirò."

Mùsé mú gègé, ó fa ìlà lé orúkọ Pélagie lórí ìwé àwọn tí kọ́lẹ́jì fà kalẹ̀. "Mi ò ní rán irú ẹ lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Ó kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ìdánwò ní Cotonou, kí wọ́n jẹ́ kí Nimatou ṣe ìdánwò náà. Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá: kò ṣeé ṣe mọ́. Tó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí Nimatou á ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà.

Pélagie àti ìyá rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀ ní Adjarra. Saïbou, bàbá Nimatou, fún wọn ní àga àti omi, ó sì padà sínú ilé. Nimatou gbé ẹrù jáde. Kraké ló ń lọ, sọ́dọ̀ Asmaou, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta epo àtùpà. Pélagie kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún.

"Nimatou, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Dìde. Mọ́tò ń dúró dè mí."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, Pélagie ò lu ẹnikẹ́ni, kò jí ohun ẹnikẹ́ni. Irọ́ kan ṣoṣo ló pa, ó sì fi ba ayé ọmọ tó ń pè é lọ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ipò tí ẹ bá fi ẹ̀tàn gbà lè má mọ́ yín lọ́wọ́, ẹni tí ẹ sì ṣe níkà kò jẹ yín ní gbèsè ìdáríjì.