Àyè Tó Wà Láàrin Àwo Méjì

Ọkùnrin náà ò nájà. Ìyẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Ọdún 1986 ni. Mo ń ta káséẹ̀tì l'Ọ́jà'ba, tó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, mo máa ń gbé àwo sórí ẹ̀rọ fáwọn oníjó nílé ijó Alhaji Màmúdù l'Ókè Padre, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. DJ Gàfá ni wọ́n ń pè mí. Ẹnu mi dáa, ọwọ́ mi ni ò dáa. Tí àwo kan bá parí, kí n tó mú èkejì wọlé, ilé á ti pa rọ́rọ́, àwọn èèyàn á lọ jókòó, wọ́n á máa fi fìlà fẹ́ra. Alhaji ti wí fún mi: "Gàfárù, Sọ́ńdè tó ń bọ̀ nìkan ló kù fún ẹ. Tí wọ́n bá tún fi lè lọ jókòó, mo ti rí ẹlòmíì."

Mi ò gbọdọ̀ sọ iṣẹ́ yẹn nù. Bàbá Àtọ́kẹ́, ọmọge tí mo fẹ́ fi ṣaya, ní Ìdí Arère, ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé òun ò ní fọmọ òun fún oníkáséẹ̀tì, àfi tí n bá níṣẹ́ tó dúró.

Láàárọ̀ Àtàláátà, mi ò tíì tajà kankan tí ọkùnrin náà fi dúró níwájú tábìlì mi. Àgbàlagbà ni, ó wọ dàńṣíkí funfun báláú. Oòrùn ti ń mú, òun ò làágùn.

"Mo wà níbi ijó yín lọ́sẹ̀ tó kọjá," ó ní. "Àyè kékeré kan wà láàrin àwo méjì tó o máa ń dá sílẹ̀. Òun ni mo fẹ́ rà."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn gan-an ló ń ba tèmi jẹ́. Ẹ bá mi gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Mi ò gba ọ̀fẹ́. Màá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń so àwo pọ̀."

Ẹni tó bá mọ ọjà mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó wá ṣí ọjà fúnni láàárọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ọjọ́ náà ló máa bàjẹ́. Mo kàn ń bu nǹkan lé owó ọjà náà ni. Mo ní kó fi hẹ́dífóònù kún un. Ó gbà. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta ló máa fi kọ́ mi. Ó gbà. Mo ní, "Ó dáa, mo tà á." Nígbà tó bọ̀ mí lọ́wọ́, ọwọ́ ẹ̀ tutù bí ìdí àmù.

Ọ̀sán mẹ́ta ló fi kọ́ mi nínú yàrá mi ní Bẹ́yẹrúnkà. Ó mọ̀ ọ́n kọ́ni. Ó ní kí n fi etí kan gbọ́ àwo tó ń lọ, kí n fi èkejì gbọ́ èyí tó ń bọ̀. Kí n máa ka ìlù: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kí n máa yí bọ́tìnì tó ń mú àwo sáré títí ìrìn àwọn méjèèjì á fi bára mu, kí n rẹ báàsì, ohùn tó ń dún gbùù nísàlẹ̀ orin, ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí tèkejì tó wọlé, torí báàsì méjì kì í jókòó lórí àga kan. Ó máa ń sọ̀rọ̀ láti ìrun Àílà títí di Alásárì láì mí. Mo wo àyà ẹ̀. Kò gbéra. Mo gbójú kúrò. Iṣẹ́ ni mo ń wá.

Lọ́jọ́ kẹta, Àtọ́kẹ́ gbé ẹ̀wà wá bá mi. Mo ń ròyìn fún un, mo ń ròyìn, títí ó fi fọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Gàfá! Èèyàn ò ráyè dá ẹ lóhùn. Ṣé ìwọ kì í mí ni?"

Sọ́ńdè dé. Àwo kan ń wọ inú èkejì bí omi ṣe ń wọ inú omi. Alhaji di mọ́ mi. "Gàfárù! Ìwọ ni mo gbà, ó parí!" Àtọ́kẹ́ juwọ́ sí mi láàrin èrò.

Nígbà tó di aago mẹ́fà, mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì jókòó. Wọ́n ti ṣí bíà, kò sẹ́ni tó mu ún, ìfófòó ẹ̀ ti kú. Obìnrin ọlọ́mọ kan ń jó, wàrà ti gba aṣọ ẹ̀ já. Ojú wọn ò jó mọ́. Ẹsẹ̀ wọn ló ń jó.

Àtọ́kẹ́ jó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ti bọ́ bàtà, ẹ̀jẹ̀ wà ní gìgísẹ̀ ẹ̀. Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Gàfá, jọ̀ọ́, dá a dúró. Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́."

Mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo. Mo pa ẹ̀rọ. Orin dákẹ́, ẹsẹ̀ ò dákẹ́. Gbì, gbì, gbì, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Fìlà Alhaji já bọ́, kò lè bẹ̀rẹ̀ mú un. "Gàfárù, wàhálà wo lèyí?"

Ọkùnrin náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, òun nìkan ló jókòó nínú gbogbo ilé. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ra ọjà mi padà."

"Inú àyè yẹn ni wọ́n ti máa ń mí," ó ní. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rántí jókòó. O tà á, o ò bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe."

"Èló ni?"

"Ẹnì kan, tó máa jókòó fún gbogbo wọn."

"Ẹ mú èmi. Ọdún kan. Ọdún márùn-ún."

Ó mi orí. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń nájà. "Ẹni tó tajà kì í fi ara ẹ̀ sanwó. Dárúkọ ẹlòmíì."

Ẹsẹ̀ Àtọ́kẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lójú, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti ń ṣàn sílẹ̀. Ọgbọ́n ọjà ló tàn mí. Mo rò pé ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó ló máa kọ́kọ́ sinmi.

"Ẹ jẹ́ kí Àtọ́kẹ́ jókòó."

"Ó tà," ló wí, kí n tó pa ẹnu dé.

Gbogbo èrò ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àtọ́kẹ́ rìn jẹ́jẹ́ lọ sórí àga tí ọkùnrin náà dìde kúrò. Ó jókòó. Kò tíì dìde.

Bàbá ẹ̀ gbé e káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn fóṣù mẹ́rin, lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pè mí. Kò wojú mi. "O ti níṣẹ́ tó dúró báyìí, àbí? Wá gbé ìyàwó ẹ." Èèyàn mẹ́rin ló gbé e, tòun tàga.

Yàrá mi ló wà. Ara ẹ̀ gbóná, ó ń gbé oúnjẹ mì, kì í sọ̀rọ̀. Mo fi iṣẹ́ Alhaji sílẹ̀, mi ò jẹ́ kí rédíò dún nínú ilé. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo gbé àwo kan sórí ẹ̀rọ, mo rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀ mira. Ó tún mira. Ayọ̀ fẹ́ gbé mi sókè.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ láti yàrá kejì, níbi tí ìyá arúgbó onílé wa wà, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti rọ láti ọdún méje: gbì. Gbì. Gbì.